Òkè Àtàkórà Tí Ẹ Kò Mú Mi Lọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí inú mi kò tíì yọ́ sí,

Àlàáfíà ni a wà. Ìyá mi ń bẹ, Rájí àbúrò mi ń bẹ, ilé tí ẹ kọ́ ṣì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ọdún tó kọjá gbé ẹ̀gbẹ́ kan lára ògiri ìdáná. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, kàmíọ̀nù tó ń kó àgbàdo láti Ìdìgní yóò gbé mi dé Pọ́bẹ̀. Láti Pọ́bẹ̀ mo ń lọ sí òkè Àtàkórà, ibi tí ẹ ti fẹ́ ya erin àti òkè ní gbogbo ọjọ́ ayé yín. Ẹ̀rọ fótò yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, mo ti fi aṣọ dúdú rẹ̀ wé e. Èmi ni mo ń lọ, Bàbá. Kì í ṣe ẹni tí ẹ yàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìrìn àjò nìkan ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Mo ṣe ohun kan ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá tó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bọ̀ wá bá yín níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yin pàápàá tí ẹ dá a sílẹ̀ kò mọ bó ṣe parí.

Nígbà tí ẹ wà ní ọ̀dọ́, àwọn gáàdì òyìnbó kó yín pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kétu mìíràn lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà tipátipá ní òkè Àtàkórà lọ́hùn-ún. Ẹ kò sọ fún mi rí pé wọ́n nà yín. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Àgbà, ló sọ ọ́, èmi náà sì ti rí àpá tó wà ní ẹ̀yìn yín nígbà tí ẹ bá bọ́ ẹ̀wù nínú ooru yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fótò. Ohun tí ẹ̀yin máa ń sọ ni ti òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n rán yín lọ pọn omi, tí ẹ gun orí àpáta kan, tí ẹ rí òkè lẹ́yìn òkè bí ìkòkò tí wọ́n dojú dé lẹ́sẹẹsẹ, tí agbo erin sì wà nísàlẹ̀ létí omi, tí àwọn ìyá ń fi ọwọ́jà da omi sí àwọn ọmọ lára. Ẹ ní bí ẹ bá délé tí ẹ sọ ọ́, ta ni yóò gbà yín gbọ́? Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lọ kọ́ iṣẹ́ fótò ní Àjàṣẹ́. Ẹlòmíràn kọ́ṣẹ́ kó lè jẹun. Ẹ̀yin kọ́ṣẹ́ nítorí erin.

Ẹ wá mú iṣẹ́ náà wá sí Kétu, ìlú tí omi kò sí. Kànga wa jìn débi pé okùn ń já kí garawa tó kanlẹ̀, ẹ̀yin sì yan iṣẹ́ tó ń mu omi ju màlúù lọ. Ará ilé ń fi igbá kan wẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀yin ń fi garawa mẹ́ta fọ fótò ojú ènìyàn mẹ́fà. Ìyá mi ló ń ru omi náà. Mo ti bá a ru ú títí irun àárín orí mi fi fẹ́lẹ́. N kò gbọ́ kó ráhùn, àfi ọjọ́ kan péré nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó sọ pé òun kò mọ̀ pé ìwé fótò ni yóò gbẹ òun lọ́fun. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní bí a bá dé òkè Àtàkórà a ó ya odò wá fún un, kó gbé e kọ́ ògiri. Ẹ ní "a". Mo gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, mo sì mọ ẹni tí "a" náà jẹ́.

Ẹ kọ́ mi níṣẹ́. Mi ò lè purọ́ mọ́ ẹni tó ti kú: ẹ kọ́ mi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n mọ bí omi oògùn tí a fi ń fọ fíìmù ṣe ń gbóná jù àti bí a ṣe ń fi aṣọ tútù mú un tutù. Ẹ jẹ́ kí n wọ abẹ́ aṣọ dúdú wo dígí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, níbi tí ayé ti ń dojú dé, tí Bàbá Àgbà pàápàá ń fi orí rìn. Ẹ máa ń kọrin lábẹ́ imú bí fíìmù bá ti ń jáde nínú oògùn, orin tí kò ní ọ̀rọ̀, ẹ ó sì fi ìka kékeré yín gbé etí rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun. Ta ni kò ní fẹ́ràn irú bàbá bẹ́ẹ̀?

Ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn gba káàdì ìdánimọ̀ ni iṣẹ́ wa pọ̀. A gun kẹ̀kẹ́ dé Pánkú, dé Opómẹ́ta, a so aṣọ funfun mọ́ igi, àwọn àgbẹ̀ fi ọkọ́ sílẹ̀ wá jókòó síwájú rẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Fótò ìyá arúgbó kan ní Opómẹ́ta jáde bàìbàì, ẹ sì gbé e síwájú mi pé ó dára. Mo wò yín. Ẹ gbójú kúrò. Lọ́jọ́ kejì mo wọ abẹ́ aṣọ dúdú láìjẹ́ pé ẹ rán mi, mo fa iwájú ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn títí ojú oníbàárà fi mọ́ kedere lára dígí, mo jáde, mo fọwọ́ kan yín lọ́rùn ọwọ́, ẹ̀yin sì tẹ rọ́bà tí a fi ń ya fótò. Bí a ṣe ṣe é fún ọdún mẹ́ta nìyẹn. Gbogbo ayé rò pé ọmọ tó ń nu dígí fún bàbá rẹ̀ ni mí. Fótò tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Kétu títí di òní, tí wọ́n ń fi orúkọ yín yangàn sí, ojú mi ló rí wọn. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ìwọ̀nba tí ẹ sọ ni ọjọ́ kan tí ẹ ṣì mú ife omi oògùn fún ife omi mímu, tí mo gbà á lọ́wọ́ yín, tí ẹ ní, "Kó má jáde ní yàrá yìí." Mo ní mo ti gbọ́.

Bí ojú yín ṣe ń ṣú tó ni ọ̀rọ̀ òkè náà ń le sí i lẹ́nu yín. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ni a fi ṣètò rẹ̀. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìlà ìwé ti ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú yín. Mo ṣì ní ìwé náà. A jiyàn lórí ìgbà tó yẹ kí á lọ, ẹ rántí? Nínú ọyẹ́, koríko ti jóná, ẹran ti kóra jọ sí ibi tí omi kù sí, wọ́n rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n eruku á bo òkè, a ò ní rí ju ìdí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn òjò, òfuurufú á mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n koríko á ti ga ju erin lọ. Èmi ni mo sọ pé kí á lọ ní ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, nígbà tí ó ti fọ ojú ọ̀run, tí koríko kò sì tíì hù. Ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn sísítà tó kọ́ mi níwèé lọ.

Èmi náà ni mo ya ọ̀nà sínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè láti Kétu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún kan etí òsì, kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Parakú, kó tún wá kàmíọ̀nù tó ń lọ sí Natitíngú. A ṣètò pé kí fíìmù wà nínú agolo tí a dà ìrẹsì gbígbẹ sí, kí ọ̀rinrin má bàa mú un. A mọ̀ pé ẹ̀rọ wa kò lè fa ohun tó jìn sún mọ́ wa, nítorí náà a ó fi ewé kọ́ àgọ́ kékeré sí etí omi, ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ẹran má gbóòórùn wa, a ó sì jókòó síbẹ̀ láti ìdájí láìsọ̀rọ̀. Ẹ ní kò ní í ṣòro fún wa, àwa tí a mọ iṣẹ́ ṣe láìsọ̀rọ̀.

Igbó tí a fẹ́ lọ, ìjọba ti fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹran nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Èmi ni mo kọ̀wé ní èdè Faransé sí Kọ̀máńdà tó ń ṣàkóso agbègbè wa. Ìwé àṣẹ náà dé, ó ní onífótò kan àti olùrànlọ́wọ́ kan. Mo ti rán àpò tí n ó kó aṣọ sí.

Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, torí títí di òní kò yé mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà. Bàbá Àgbà wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé ẹ fẹ́ mú ọmọbìnrin tó ti tó gbé fún ọkọ lọ sùn nínú igbó láàárín àwọn tí a kò mọ̀ rí, ó ní kí ni kí òun sọ fún àwọn ará Ìdìgní tó ti wá tọrọ mi. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń retí ohùn yín. Mo retí rẹ̀ pẹ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kì í ṣubú lulẹ̀, Rájí ni yóò bá yín lọ.

Mo bá yín nínú yàrá òkùnkùn. Mo bi yín pé, "Bàbá, ta ni yóò máa wo dígí fún yín?"

Ẹ ní, "Rájí náà ní ojú."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà láti mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí. Ọdún mẹ́ta tí mo fi jẹ́ ojú yín, ẹ rò pé ojú lásán ni mo yá yín.

Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ fún Rájí pé ẹ kò ríran mọ́, kó lè mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ dì í mú títí ó fi dùn mí, ẹ ní bí mo bá sọ ọ́ n kì í ṣe ọmọ yín. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ Rájí bí a ṣe ń fi fíìmù sínú ẹ̀rọ, tí ó ń yán, tí ó ń wo ìta, torí ó rò pé iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni òun ń bá yín lọ ṣe. Mo sọ fún un pé kó máa wo dígí. Ó ní ṣebí Bàbá ń bẹ níbẹ̀. Mo wò yín níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ ń nu lẹ́ńsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ lọ. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìgbà tí ẹ dé, ibà ti wọ egungun yín, ṣùgbọ́n ojú yín ń tàn bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí yín pé erin wá, pé ẹfọ̀n wá, pé òkè náà dúró síbi tí ẹ fi í sílẹ̀ sí. Ẹ ní kí wọ́n mú sùúrù, ọmọ yín obìnrin ń fọ fíìmù lọ́wọ́, wọn yóò rí i fúnra wọn.

Mo wọ yàrá, mo tan àtùpà pupa. Mo fọ àkọ́kọ́, ó jáde bàìbàì. Mo rò pé oògùn ló gbóná jù. Mo fi aṣọ tútù mú un tutù, mo fọ èkejì. Bàìbàì. Mo fọ gbogbo wọn, Bàbá, méjìdínlógún. Erin wà níbẹ̀ bí ẹ̀fin ìdáná ṣe ń wà. Òkè rí bí aṣọ tí omi dà sí. Kò sí ẹyọ kan tí ojú ènìyàn lè mú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín garawa omi tí ìyá mi ti lọ pọn láti ìdájí. Mi ò sunkún. Ohun tí mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni pé ó tọ́ sí yín. Mo sọ ọ́ fún yín báyìí nítorí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ pè mí láti orí ẹní. Mo mú fíìmù náà wá. Ẹ lé ìyá mi jáde, ẹ wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó mọ́?"

Mo ní, "Ó mọ́, Bàbá."

Ẹ ní kí n máa sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ọ́. Mo mú ohun tí ẹ ti ń rò fún mi láti kékeré, mo fi ṣe fótò fún yín. Mo ní erin méje ló wà nínú ti àkọ́kọ́, tí ọmọ kan há sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo ní ìlà òkè náà mú bí etí ọ̀bẹ. Mo ní mo lè ka irun tó wà ní ìrù ẹfọ̀n. Ẹ ń fi ìka kékeré yín pa ẹ̀gbẹ́ fíìmù, ẹ ń mi orí. Ìgbà tí mo dé èyí tó kẹ́yìn, omijé ń ṣàn lójú yín, ẹ ní kí n gbé e sún mọ́ fèrèsé kí n tún un wò, kó má jẹ́ pé mo ṣì í rí. Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa? Ẹ̀yin tí ẹ ti fọ fíìmù fún ọgbọ̀n ọdún, tí ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò mọṣẹ́ ló wo dígí níbẹ̀? Mo ti bi ara mi títí. Bí ẹ bá mọ̀, tí ẹ sì jẹ́ kí n máa purọ́ náà lọ, kí ni mo jẹ́ fún yín?

Ọjọ́ kẹta ni ẹ lọ.

Ẹ ti sọ fún gbogbo ìlú pé ọmọ yín ní ó mọ́. Nígbà tí a sin yín tán, wọ́n wá wò ó. Bàbá Àgbà na ọwọ́. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi: kí n gbé ẹ̀fin náà fún wọn, kí wọ́n bèèrè bí ọ̀gá onífótò ṣe ṣe irú èyí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wo káàdì ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Tàbí kí n sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Mo sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ní oògùn pọ̀ jù, oorun gbé mi lọ.

Ẹ kò rí ojú tí wọ́n fi wò mí. Rájí ló kọ́kọ́ sọ ọ́, níwájú gbogbo wọn, pé ìlara ni, pé nítorí wọn kò mú mi lọ ni mo ṣe sun iṣẹ́ àṣekẹ́yìn bàbá òun nínú oògùn. Bàbá Àgbà gba kọ́kọ́rọ́ yàrá òkùnkùn lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Rájí. Àwọn ará Ìdìgní tó fẹ́ gbé mi ránṣẹ́ wá pé àwọn ṣì ń rò ó, wọ́n ṣì ń rò ó dòní. Bí mo bá ń lọ sí kànga, àwọn obìnrin á dákẹ́. Ọdún méjì. Mo ń ta gaàrí ní ìloro ilé, mo sì ń wo àwọn ènìyàn tí wọ́n ń mú fótò burúkú jáde lọ́dọ̀ àbúrò mi.

Rájí kì í ṣe ọmọ burúkú, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ti iṣẹ́ náà nítorí kò ní ọ̀nà mìíràn, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí gba Pọ́bẹ̀ lọ. Bí ojú ti ń tì í, ó fi ara balẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń wo dígí. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ó wá bá mi ní ọ̀sán kan níbi tí mo ti ń yọ kóró inú gaàrí. Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ò ríran, àbí?"

Mo ń yọ kóró lọ. Ó ní létí omi lọ́hùn-ún, nígbà tí erin jáde, ẹ bi òun pé ṣé wọ́n ti wọ inú dígí. Òun wò ó, òun rí wọn níbẹ̀, òun ní wọ́n ti wọ̀ ọ́, ẹ sì tẹ rọ́bà. Kò wá sí òun lọ́kàn pé wọ́n lè wọ inú dígí kí wọ́n má mọ́. Ó rò pé ẹ̀yin ti fà á kó mọ́. Ẹ̀yin rò pé òun ni. Bẹ́ẹ̀ ẹ kò lè bi í pé ṣé ó mọ́, torí ẹni tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ ti jẹ́wọ́. Ìgbéraga yín ló ba fótò yẹn jẹ́, Bàbá. Kì í ṣe ọwọ́ Rájí, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Rájí sunkún. Ó ní kí òun lọ sọ fún Bàbá Àgbà. Mo ní rárá. Mo ṣì ń ṣọ́ orúkọ yín nígbà náà. Mo ní ohun kan ni kó ṣe fún mi: kó yá mi ní ẹ̀rọ fótò. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Mo kọ̀wé sí Kọ̀máńdà, tuntun ni èyí, oṣù méjì kọjá kó tó dá mi lóhùn pé ó gbà. Mo ṣí ìwé ètò wa, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kan tó ti dé Natitíngú, ó ní òjò àkọ́kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ra ìrẹsì. Mo pààrọ̀ aṣọ dúdú, torí ihò ti wà lára ti àtijọ́, ẹ̀yin kò sì lè rí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé.

Bàbá Àgbà gbọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì ó pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun, ìyá mi, Rájí àti èmi. Ó ní ọmọ tó ba iṣẹ́ bàbá rẹ̀ jẹ́ kò ní gbé ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ jáde kúrò ní ilé yìí níṣojú òun, ó ní kí n wólẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú. Mo ti fẹ́ wólẹ̀, Bàbá. Orúnkún mi kan ti kanlẹ̀. Mi ò mọ ohun tó dé. Mo dìde, mo sì sọ ọ́.

Mo ní, "Bàbá mi fọ́jú. Èmi ni mo ń ya fótò yín."

Mo sọ ọ́ jálẹ̀, láti orí ìyá arúgbó Opómẹ́ta. Bàbá Àgbà ní mo ń bú òkú tí kò lè dá mi lóhùn. Rájí wá sọ ti etí omi, ó sì gbà pé òun ló bà mí lórúkọ jẹ́. Bàbá Àgbà yíjú sí ìyá mi, ó retí kó já wa nírọ́. Ìyá mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun fi ń gbé ọbẹ̀ sí apá kan náà nínú àwo, kí ẹ má bàa wá a, tí òun sì ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ lè mọ̀ pé òun ló ń bọ̀.

Ó mọ̀. Ọdún méjì tí wọ́n fi ń pè mí ní ọ̀bàyéjẹ́, ìyá tó bí mi mọ̀, ó ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi ni kí o tó di ọmọ mi."

Ẹ̀yin méjèèjì mọ bí a ṣe ń fẹ́ ara ẹni, ó kàn jẹ́ pé orí mi ni ẹ fi ṣe ẹní.

Bàbá Àgbà dìde jáde, ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀. Ìlú ti gbọ́ báyìí. Àwọn kan ti wá wo káàdì wọn, wọ́n wò mí, wọ́n tún wò ó. Obìnrin kan ní kànga bá mi gbé garawa lé orí. Bóyá ará Ìdìgní yóò parí ìrònú wọn, bóyá wọn kò ní parí rẹ̀, kò sí lọ́kàn mi mọ́. Rájí yóò bá mi ru ẹrù. Èmi ni yóò jókòó lẹ́yìn dígí.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí mo lọ gba ìwé àṣẹ, akọ̀wé Kọ̀máńdà fún mi ní pépà kan láti kọ ọ̀rọ̀ sí. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ pé onífótò ni mí, kò sì bi mí léèrè ìdí. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní kí n kọ orúkọ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo gbé kálámù sókè níbẹ̀ pẹ́, títí akọ̀wé fi wò mí. Mo lè fi í sílẹ̀ lófo. Mo lè kọ orúkọ àwọn sísítà. Ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́, irọ́ tí mo pa nítorí yín sì ti tó mi. Mo kọ orúkọ yín.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ti yẹ lọ.